Omi Sámúsámù Nínú Bátìrì Mumin

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí Sìdíkátù tó bu omi sí bútà láti ṣe àlùwàlá, ohun kan wà tó máa ń kọ́kọ́ ṣe. Yóò tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró rẹ̀, yóò jáde sí ojúde agbo ilé wọn lẹ́yìn Mápó, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, yóò wọ inú ọkọ̀ Máíkírà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò sì yí kọ́kọ́rọ́ náà. Kì í ṣe pé ó mọ mọ́tò wà o. Kò fọwọ́ kan jíà rí láyé rẹ̀. Bútà, ẹní ìkírun àti tẹ̀súbáà ló ń tà ní ìsọ̀ rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń fẹ́ epo nínú wọn.

Abdulmumin ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwọ̀nba tó mọ̀ yẹn, lọ́sẹ̀ tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Màámi, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ibí yìí, ẹ yí i. Tó bá ti dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa ké títí ẹ ó fi ka Yásíìn tán, kẹ́ ẹ tó pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má kà á bíi ti àfáà tó ń kánjú lọ jẹun o."

Ìyá rẹ̀ ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Mumin bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò kúrò nínú ọkọ̀ náà mọ́. Bí Sìdíkátù bá ti jókòó síbẹ̀, tó gbóòórùn tábà àti epo tó ti wọ inú ìfẹ̀yìntì àga, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ ra búrẹ́dì ni.

Táásì ni Mumin ń fi Máíkírà náà ṣe. Ọjà'ba sí Bẹẹrẹ, Bẹẹrẹ sí Mọ́kọ́lá. Ó wá sọ lọ́jọ́ kan pé ojú ọ̀nà yẹn ti há mọ́ òun, pé òun àti Misbaudeen ọ̀rẹ́ òun ń gba Kánò lọ, àwọn á gba orí iyanrìn dé Líbíyà, àwọn á sì sọdá òkun. Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí, ẹbẹ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ. Misbaudeen padà wá, Mumin kò padà.

"Ìyá, ọkọ̀ méjì ni wọ́n kó wa sí lórí iyanrìn," Misbaudeen ló sọ bẹ́ẹ̀, tí kò lè gbójú sókè. "Èmi wà nínú ti iwájú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a wẹ̀yìn, a ò rí tiwọn mọ́."

"Ṣé o fojú rí òkú ẹ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó tó. Jókòó, kí n bu oúnjẹ fún ẹ."

Láti ìgbà náà, àdúrà arìnrìn-àjò ni Sìdíkátù ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà ní ìsọ̀, tí àwọn onítáásì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bẹẹrẹ, Bẹẹrẹ, Mọ́kọ́lá, ọrùn rẹ̀ á yí kó tó rántí dá a dúró. Ó ti tẹ̀lé ọ̀dọ́kùnrin kan rí, nítorí pé ìpàkọ́ ọmọ náà jọ ti Mumin. Ó tẹ̀lé e kúrò ní Ọjà'ba, ó bá a gun òkè dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Mápó. Nígbà tí ọmọ náà yíjú, tó ní, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan?", ojú tì í, ó ní òun ń wá ọ̀nà Ọjà'ba ni. Ọ̀dọ́kùnrin náà fà á lọ́wọ́, ó mú un padà sí ìdí ìsọ̀ ara rẹ̀.

Bàbá Àkíbù, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, ni baálé agbo ilé. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń péjọ ṣe fídáù, àdúrà fún àwọn òkú ilé. Àfáà yóò máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò máa ṣe àmín sí i, orí Fàsásì ọkọ Sìdíkátù ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí. Lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n ti pe Fàsásì tán, Bàbá Àkíbù wúkọ́. Ó ní, "Àfáà, ẹ fi Abdulmumin ọmọ rẹ̀ kún un."

Sìdíkátù dìde láàárín àwọn obìnrin. "Ẹ dákun, ọkọ mi. Ẹ má pe ọmọ mi mọ́ òkú."

"Ìyàwó, ṣé o mọ ibi tó wà ni?"

"Mọ́tò ẹ̀ ń dáhùn. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń jí i, ó sì ń jẹ́ mi. Ọjọ́ tí mọ́tò yẹn ò bá dáhùn mọ́, ẹ pe orúkọ ọmọ náà mọ́ tiwọn. Mi ò ní jiyàn."

Àfáà fi orúkọ náà sílẹ̀. Ẹyin lohùn, èyí sì ti já bọ́ níwájú gbogbo ẹbí. Sìdíkátù fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dára lẹ́nu mùsùlùmí. Ẹni tó so ẹ̀mí èèyàn mọ́ irin, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbọ́ igbe ẹyẹ kó tó jáde nílé? Àfáà ti wàásù lórí ẹ̀ rí, Sìdíkátù sì wà lára àwọn tó ń mi orí. Orí ló ń mì, ọkàn kò tẹ̀lé e.

Jímọ̀ tó ṣáájú fídáù ọdún yìí, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣe kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ó tún un yí, ó gbọ́ tàkì kan, ó tán. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni fídáù.

Ó kírun Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í ní ohun tí Lèmọ́mù sọ, kò lè sọ ọ́. Nígbà tó dé, ó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè bó ṣe máa ń rí Mumin tó ń gbé e. Ó rántí pé ọmọ náà máa ń da omi sí bátìrì, á ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Ó fi etí kọ́bọ̀ àtijọ́ tú àwọn ìdérí rẹ̀, ó yọjú wò ó. Inú rẹ̀ gbẹ lóòótọ́.

Ó lè ní kí wọ́n bá òun ra omi bátìrì ní Bẹẹrẹ. Kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wá ju omi lọ. Ó wọ yàrá, ó fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ funfun tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, èyí tí wọn yóò fi sin ín, wà nínú rẹ̀. Ìgò omi Sámúsámù kan wà lórí aṣọ náà, omi inú kànga mímọ́ tí gbogbo àlàájì máa ń bù wálé. Ó ti fi tọrẹ títí tó fi ku ìgò kan yìí, èyí tó fi pa mọ́ de ọjọ́ tí wọn yóò fi tọ́ òun lẹ́nu nígbà tí ẹ̀mí bá ń jáde lọ. Àwọn àfáà máa ń sọ pé ohun tí èèyàn bá fi mu omi náà ni yóò ṣe. Wọn kò sọ pé ẹni tó ń mu ún kò gbọdọ̀ jẹ́ bátìrì.

Ó ṣe Bísímílà. Ó rọra dà á sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń rọ ọmọ ọwọ́ lágbo. Ó ní, "Ọlọ́run, mi ò tọrọ mọ́tò. Ìwọ mọ ohun tí mò ń tọrọ." Ó dé e, ó sì fi í sílẹ̀ kó mumi yó.

Bó ṣe kírun Sùbúhì tán lọ́jọ́ kejì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò gbọ́ kẹ̀, kò gbọ́ tàkì. Iná pupa kékeré tó máa ń tàn níwájú ọkọ̀ pàápàá kò tàn. Ó jókòó síbẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Ọ̀rọ̀ kan yọ lọ́kàn rẹ̀ kó tó dí i lọ́nà: ṣé bí Ọ ṣe máa dá mi lóhùn nìyí? Ó sáré tọrọ àforíjì. Àforíjì náà jáde lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó yọ kò sì padà síbi tó ti wá.

Ó pe Olúdayọ̀ rẹ́wáyà lórí fóònù.

Òun ló ń tún iná ọkọ̀ ṣe fún Mumin nígbà ayé táásì. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ní Òkè Padre, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Orí ọ̀kadà ló gbà wá, ó gbé bátìrì tuntun sáàárín itan bí ẹni gbé ọmọ. Bàbá Àkíbù ti wà lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ìyàwó, kí ló ṣe ọkọ̀?"

"Ó sùn gbàgbé ni, ọkọ mi."

"Hẹn," ni Bàbá Àkíbù wí. Kò dìde.

Olúdayọ̀ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pòṣé. Ìpẹtà funfun ti bo ẹnu bátìrì bí elùbọ́ tó dà sílẹ̀. Ó ní kí Màámi bá òun gbé omi gbígbóná wá. Ó fi sípánà tú wáyà dúdú kọ́kọ́, ó yẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó tó kàn sí pupa.

"Kí ló dé tóò fi tú pupa kọ́kọ́?" Sìdíkátù bi í. Ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí yóò fà mọ́.

"Tí n bá bẹ̀rẹ̀ látorí pupa, tí sípánà yìí wá fara kan irin ọkọ̀, iná á ṣẹ́, gbogbo agbo ilé á mọ̀ pé mo wá." Ó gbé bátìrì àtijọ́ náà sílẹ̀, ó ṣí i, ó yọjú wò ó, ó sì gbóòórùn rẹ̀. "Màámi, ta ló da omi sí nǹkan yìí?"

Sìdíkátù wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ni."

"Omi wo?"

"Omi."

"Omi náà ni mò ń béèrè, Màámi. Ti kànga ni àbí ti inú ọ̀rá?"

"Ti kànga." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kànga Sámúsámù."

Olúdayọ̀ fi sípánà sílẹ̀. Ó bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tó rí ojú ìyá náà, ó gbé ẹ̀rín mì. "Ẹ má bínú, Màámi. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Wòlíì wa kan da omi ìyè sínú tirẹ̀, ó gbààwẹ̀ sí i. Èmi náà ni mo pààrọ̀ ẹ̀. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú ni bátìrì ń fẹ́. Oore tó wà nínú tiyín ti pọ̀ jù fún un."

"Ṣé èmi ni mo wá pa á?"

"Ta ló ní ẹ pa á? Ogbó ti dé sí i tipẹ́. Ẹ kàn tì í díẹ̀ ni." Ó ń da omi gbígbóná sórí ìpẹtà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ọ̀rọ̀ sì ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. "Èyí tẹ́ ẹ máa ń jí i ní Jímọ̀ yẹn ló jẹ ẹ́ jù. Bátìrì kì í rí jẹ àfi tí ọkọ̀ bá rìn. Ẹ̀ ń jí i, ẹ ò jẹ́ kó lọ síbì kankan, ẹ tún ń dá a padà sùn. Díẹ̀díẹ̀ lẹ fi ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀."

Sìdíkátù fẹ̀yìn ti ògiri.

Olúdayọ̀ gbé tuntun wọlé, ó de wáyà pupa mọ́ ọn, ó de dúdú kẹ́yìn, ó fi gíríìsì pa á lórí. Ó fẹ́ wọ inú ọkọ̀, Sìdíkátù sì di ilẹ̀kùn mú.

"Èmi ni n ó yí i."

"Ẹ yí i, Màámi. Kò lówó orí."

Ó jókòó. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò. Ó tẹ ibi tí ọmọ rẹ̀ ní kó tẹ̀, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò gbà. Bàbá Àkíbù ti gbé ọ̀pá rẹ̀. Sìdíkátù pa á, ó dijú, ó tún un yí. Ọkọ̀ bú sí igbe. Ẹyẹlé fò kúrò lórí páànù, èéfín dúdú rọ́ jáde lẹ́yìn.

Bàbá Àkíbù fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ wá. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń gbọ̀n rìrì.

"Mo gbọ́," ó ní. "Mi ò ní pè é lọ́la." Ó yí padà, ó ń lọ. Ẹ̀yìn bàbá náà tẹ̀ ju bó ṣe rí nígbà tó ń bọ̀.

Ó yẹ kí inú Sìdíkátù dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ Yásíìn láìwo ìwé, ó ń kà á, ohùn ẹ́ńjìnnì sì dọ́gba, ó lágbára ju bó ti rí láti ìgbà pípẹ́. Olúdayọ̀ bẹ ojú wọ fèrèsé.

"Ẹ gbọ́ ọ bí? Ojúlówó ni mo gbé wá fún yín. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ èyíkéyìí, á ké. Kò mọ ẹni tó ni ín."

Ibẹ̀ ni ìkàwé náà já. Kò mọ ẹni tó ni ín. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ dákẹ́, kì í ṣe Mumin ló dákẹ́. Ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń dáhùn ńkọ́, ní gbogbo Jímọ̀ wọ̀nyẹn, tó ń ti ibẹ̀ lọ sí mọ́sálásí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ta ló ń dá a lóhùn? Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ Yásíìn, ó kà á dé òpin, ó sì pa ọkọ̀.

"Bátìrì àtijọ́ yìí ńkọ́?" Olúdayọ̀ bi í. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e lọ."

"Omi Mẹ́kà wà nínú ẹ̀. A ò lè dà á sí gọ́tà."

"Ásíìdì ni báyìí, Màámi. Tẹ́ ẹ bá fi tọ́ òkú lẹ́nu, òkú á dìde lù yín."

Ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀, omijé sì tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Olúdayọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó ń di irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé bátìrì náà sí èjìká, ó ní, "Èmi náà máa ń pe orúkọ ẹ̀ nínú àdúrà, Màámi. Mi ò mọ̀ bóyá ara alààyè ni mò ń pè é mọ́ àbí ara òkú. Mo kàn máa ń pè é ni."

Lẹ́yìn ìrun Ásárì, Sìdíkátù lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Àkíbù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dìde, Ìyàwó. Mo ní mo ti gbọ́."

"Ẹ má fi ti mọ́tò ṣe mọ́, ọkọ mi. Bátìrì ni."

Bàbá Àkíbù wò ó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. "Ṣé o rò pé ó wù mí kí n pe ọmọ Fàsásì mọ́ òkú? Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí kì í jẹ́ n sùn ni pé, tó bá jẹ́ pé iyanrìn ti bò ó níbì kan, ta ló ń tọrọ fún un? Gbogbo wa ń sọ pé kó dé ire. Òkú kì í dé ire, Sìdí. Àánú ló ń fẹ́."

Láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, kò gbọ́ kí bàbá yìí pe orúkọ òun rí. Kò sì tíì ronú kan ọ̀rọ̀ náà láti apá ibẹ̀. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kí ikú má wọlé. Bí ọmọ náà bá wá wà ní òdìkejì ilẹ̀kùn ńkọ́, tí òtútù ń pa á, tí ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn tì í pa?

"Tó bá wà láyé ńkọ́," ó ní, "tí a pè é mọ́ òkú?"

"Ìyẹn náà ni kò jẹ́ n pè é láti ọdún tó kọjá wá."

Nísàlẹ̀ Ọjà'ba, àwọn onítáásì ń pe Bẹẹrẹ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn pè é," Sìdíkátù ní. "Ẹ má sọ pé ó kú. Ẹ má sọ pé ó wà."

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹní kún ojúde, ẹbí pé. Àfáà pe àwọn òkú títí ó fi kan Fàsásì, wọ́n ṣe àmín. Ó ń múra àtiparí rẹ̀ nígbà tí Bàbá Àkíbù na ọwọ́.

"Ó ku ẹnì kan, Àfáà. Abdulmumin."

Ọ̀pọ̀ ojú yí sí ọ̀dọ̀ Sìdíkátù. Kò dìde lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé lára àwọn òkú ni?" Àfáà béèrè.

"Rárá," ni Bàbá Àkíbù wí.

"Lára àwọn alààyè ni ká fi sí, àbí?"

Bàbá Àkíbù wo ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Sìdíkátù ló dáhùn láti àárín àwọn obìnrin. "A ò mọ̀, Àfáà. Ẹni tó mọ̀ lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

Àfáà dorí kodò. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbé irú rẹ̀ wá bá a rí, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Kò fi lárúbáwá bẹ̀rẹ̀, èdè wa náà ló fi sọ ọ́.

"Ọlọ́run, Abdulmumin ọmọ Fàsásì, ọmọ Sìdíkátù. Níbi tó bá wà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀."

Ojúde ṣe àmín, àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé tó ń wo oúnjẹ. Ti Sìdíkátù kò tètè jáde. Ó dúró títí ti àwọn yòókù fi rọlẹ̀, títí Àfáà fi fi ọwọ́ nu ojú, tí wọ́n sì ti ń gbé abọ́ kiri. Nígbà tó wá sọ ọ́, òun nìkan ló gbọ́ ọ, kò sì mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ló sọ ọ́ àbí àárẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì dìde lọ bá wọn pín omi.